Ta Ló Sọ Pé Ìbò Wa Ò Já Mọ́ Nǹkan Kan?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí lọ síbi ewì ìfẹ́ tó wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ ìbò báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni pé, "Wọ́n tún ti dé o." Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Owó fọ́tókọ́pì ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí gan-an, gbèsè la fi ṣe é. Ìjà ni mo gbé wá, èmi àti ẹ̀yin la sì jọ máa jà á.

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Iná ti lọ, ooru ń mú, kò sẹ́ni tó lè jákì, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yàrá mi ní òun ò ní káàdì ìdìbò, òun ò sì ní gbà á láyé òun. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ìbò ta ni wọ́n ń kà? Wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ kí ìwọ tóó jí láàárọ̀." Gbogbo yàrá pariwo pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ń lu kọ́bọ́ọ̀dù bí ìlù. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ o, ẹ̀rí ọkàn ló ń nà mí. Ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yàrá mi yẹ̀ wò. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ wa. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ṣì wà nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí gbogbo àdúgbò ṣe gbé rédíò sétí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC ní 254,345. Ẹ fa fóònù yín yọ kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára ara wọn. 353! Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta péré, nínú ìbò tó lé ní 500,000 tí àwọn méjèèjì jọ ní. Họ́sítẹ́ẹ̀lì wa nìkan, tá a bá ka àwọn tó ń sùn sílẹ̀ mọ́ ọn, a ju 353 lọ. Kíláàsì GST tí wọ́n máa ń kó gbogbo wa sí bíi sàdínì ńkọ́?

INEC ní kò tíì sẹ́ni tó borí, torí pé wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó ìdìbò méje, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 3,498, tó ju 353 lọ fíìfíì. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27 oṣù náà: ibùdó mẹ́ta ní Orólú, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo. Kí ọjọ́ náà tóó pé, àtẹgbẹ́ PDP, àtẹgbẹ́ APC, gbogbo wọn ló ń wá ojúrere Ìyíọlá Ọmíṣọrẹ́ tó ṣe ipò kẹta, torí pé ó lẹ́nu ní agbègbè Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, Oyètọ́lá ní 255,505, Adélékè ní 255,023. 482 ló yà wọ́n. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kó tóó parí sí ọwọ́ Oyètọ́lá ní oṣù Keje ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí bí àtúndì ìbò yẹn ṣe lọ. Mi ò fẹ́ wọ ìyẹn, mi ò sì bìkítà ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nígbà tí ìwọ ń sọ pé ẹyọ ìbò kan ò lè ṣe nǹkan kan, àwọn àgbà òṣèlú ń sáré kiri ibùdó méje bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ sọnù. Kì í ṣe ìlú méje o. Ibùdó méje, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iwájú ilé baálẹ̀, irú ibi tá a máa ń gbà kọjá láìbojú wẹ̀yìn. Ṣé ohun tí kò níye lórí lèèyàn ń sáré wá báyẹn?

Ẹ lè sọ pé ẹ kì í ṣe ará Ọ̀ṣun. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Nàìjíríà lódindi. Kí ìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023 tóó wáyé, INEC kéde pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 93,469,008. Iṣẹ́ wo lẹ rò pé àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kọ sílẹ̀? Kì í ṣe àgbẹ̀, kì í ṣe oníṣòwò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni: 26,027,481. Ẹ wá jẹ́ ká gbé gbogbo ìbò tó dáa tí wọ́n kà fún gbogbo ẹgbẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: 24,025,940. Ẹ tún un kà, torí èmi náà tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ju gbogbo ìbò tó wọlé lọ, ti ìyá ọlọ́jà, ti onímọ́tò, ti bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wọn pátá. Bọ́lá Tinúbú tó wọlé, 8,794,726 ni tiẹ̀. Ìdá mẹ́ta wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ níbo la wà? Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó dìbò ò pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ọdún 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà dé, kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó gba káàdì ní ọwọ́ ara wọn lé ní mílíọ̀nù 87, àwọn tó sì jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mílíọ̀nù 25 lọ. Ká tiẹ̀ ní gbogbo àwọn tó jókòó sílé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn ni ì bá gbá gbogbo ẹgbẹ́ yòókù wọlẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ilé ìwé ni kò jẹ́. Lọ́dún yẹn, àjọ NUC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fásitì pàṣẹ pé kí gbogbo fásitì ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìgbà tí wọ́n bá fún wa ní ọjọ́ méjì péré fún ọdún Iléyá, a máa ń jó. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ìbò, kí la wá fi ṣe?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí èmi fi ṣe. Ibi tó ń dùn mí rèé.

Èmi ní káàdì. Ọdún 2022 ni mo forúkọ sílẹ̀, nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, tí kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì mọ ọ̀nà láíbìrì dáadáa tí wọ́n fi ní ká máa lọ sílé. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí mi, mo bá lọ tò láti forúkọ sílẹ̀. Mo ní wọ́n á rí mi. Mo búra.

Lọ́jọ́ ìbò, màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti jí kí ilẹ̀ tóó mọ́. Wọ́n wẹ̀, wọ́n ró ìró àti bùbá, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn dání, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. "Ọkọ mi, jẹ́ ká máa lọ." Mo ní, "Ẹ máa lọ, màmá, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín." Mo yíjú sí ògiri. Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, títí tí aago méjì fi lù. Mo jí, mo wo fíìmù, mo jẹ ẹ̀bà. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lójúde ni ojú wá tì mí. Kí ni mo ṣe? Mo mú bírò, mo fi kun èékánná àtàǹpàkò mi kó lè jọ tàdáwà INEC.

Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "O káre, ọmọ mi. Mo wá ẹ láàárín èrò títí, mi ò rí ẹ. Àwa arúgbó náà la kún ibẹ̀." Wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ará ilé pé ọmọ ọmọ àwọn dìbò. Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún wọn di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ wọ́n, ẹ bò mí láṣìírí.

Ẹ sì wo ẹni tí mo parọ́ fún. Màmá yìí dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba ológun Babangida fagi lé e, èyí tí M.K.O. Abíọ́lá ń wọlé lọ nínú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yẹ kó sọ pé ìbò òun ò já mọ́ nǹkan kan, ṣebí àwọn ni? Wọ́n ti fagi lé tiwọn rí, lójú gbogbo ayé. Wọn ò tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Àwa tí ẹnikẹ́ni ò tíì gba ìbò lọ́wọ́ wa rí, torí pé a ò tíì dì í rí, àwa la gbọ́n jù. Nígbà tí àwọn màmá yìí ṣì wà lọ́mọdé, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí fún ìjọba tí wọn ò lẹ́nu nínú ẹ̀, kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tóó kó wọn jáde títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní ọdún 1949. Àwọn obìnrin òkè Ọya ò rí ìbò dì títí di àwọn ọdún 1970. Ohun tí àwọn kan jà fún báyìí lèmi sùn lé lórí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé, "2023 náà ńkọ́?" Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. INEC ṣèlérí pé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ara ẹ̀rọ BVAS, kálukú á sì rí i fúnra ẹ̀. Nígbà tó kan ìbò ààrẹ, èsì ò bọ́ síbẹ̀ lásìkò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó tò nínú oòrùn lọ́jọ́ yẹn ló bínú, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó dìbò tó ń bínú, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí mi ò gbà fún ni ẹni tó sùn bíi tèmi, tó wá gba ìbínú ẹlòmíì yá láti fi bo oorun tiẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìbò ọdún 2007 burú débi pé Umaru Yar'Adua tó wọlé fúnra ẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbúra pé ó ní àléébù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ilé ẹjọ́ gba ipò gómìnà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kéde, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín: Olúṣẹ́gun Mímikò ní Oǹdó ní ọdún 2009, Káyọ̀dé Fáyẹmí ní Èkìtì àti Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun ní ọdún 2010. Kí làwọn agbẹjọ́rò wọn gbé lọ sí kóòtù? Ìbò ni. Ìwé tí àwọn èèyàn fi ìka tẹ̀, orúkọ tí wọ́n máàkì, èsì tí àwọn aṣojú fọwọ́ sí ní ibùdó. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ará Oǹdó ti sọ pé "wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀," tí wọ́n sì sùn, kí ni adájọ́ máa kà? Ohun tí wọ́n bá jí, a lè lépa ẹ̀. Èyí tí kò sí ńkọ́? Olè gan-an, ibi tí ilé bá ti dá páropáro ló máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún olè pé ẹ ò sí nílé, tẹ́ ẹ sì ń pariwo ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àlútà, ta lẹ ń bá ṣiṣẹ́?

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ní ọdún 2018, láti Èkìtì dé Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan gbòde: "Dìbò kóo sebẹ̀." Mi ò ní bú ìyá arúgbó tí ebi ń pa tó gba owó yẹn. Ẹni tí mo fẹ́ bá wí ni àwa tá a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òṣèlú ní kíláàsì, tá a sì ń sọ pé "gba owó wọn, dìbò fún ẹni tó wù ẹ́." Ọgbọ́n wo nìyẹn? Ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan mọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀: ká ní 5,000 náírà lo gbà. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lójúmọ́ ni. Kò lè ra píọ̀ wọ́tà. Lójú òfin ìdìbò, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà ni wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀.

Mo tún ní láti jẹ́wọ́ lórí èyí náà (ó jọ pé ìjẹ́wọ́ ni mo kúkú wá ṣe lónìí). Nígbà ìbò ẹ̀ka wa, ẹnì kan tó fẹ́ ṣe akápò pín mítì-páì àti kóòkì yí họ́sítẹ́ẹ̀lì ká ní alẹ́ tó ṣáájú ìbò. Mo jẹ ẹ́, mo tún gba ti ọmọ yàrá mi tí kò sí nílé. Ó wọlé. A dá owó láti tún ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka ṣe, a ò gbọ́ bó ṣe lọ títí dòní. Nígbà tí wọ́n pè é sí kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kó wá ṣàlàyé, ó kàn ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń sọ: "Ṣebí ẹ jẹ mítì-páì mi?" Mo wolẹ̀.

Àwọn kan á ní gbogbo àwọn tó ń díje ni olè. Bóyá. Ṣùgbọ́n nígbà Big Brother Naija, ẹ mọ ẹni tó yẹ kó dúró àti ẹni tó yẹ kó máa lọ sílé, ẹ máa ń ra dátà torí ẹ̀, ẹ máa ń jí ara yín lóru kẹ́ ẹ lè dìbò fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Ẹ lè yàn nínú àwọn yẹn, ẹ ò wá lè yàn nínú àwọn tó máa fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé ìwé yín? Ẹni tó bá wà ní fásitì ìpínlẹ̀ nínú yín mọ̀ pé tí owó ilé ìwé bá lọ sókè, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ la máa ń to ìlà àtakò lọ. Àwọn wo ló gbé ìjọba yẹn débẹ̀? Tí kò bá sì sí ẹni tó wù yín rárá, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí kù, ọmọ ọdún 25 lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ 500 level tó ti pẹ́ nílé ìwé díẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kàn wá gan-an, tí àwọn tó ń wàásù ìbò kì í sọ. Ibo lo ti forúkọ sílẹ̀? Nígbà tí wọ́n ti fásitì pa ní 2023, ó bọ́ sí i fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní àyíká ilé ìwé, tí wọ́n wá ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ò rí owó ọkọ̀ padà wá dìbò. Káàdì wà lọ́wọ́, ibùdó wà ní ìlú mìíràn. Torí náà, kẹ́ ẹ tóó forúkọ sílẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ibi tẹ́ ẹ máa wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwé pa. Ẹni tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ síbi tí kò bá a lára mu, INEC máa ń gbé orúkọ èèyàn láti ibùdó kan lọ sí òmíràn, tó bá béèrè fún un lásìkò tí ìforúkọsílẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ má lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì lọ gba káàdì yín. Kí ìbò 2023 tóó dé, èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà.

Nígbà tí INEC tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, mo fa ọmọ yàrá mi yẹn lọ. Ó bú mi láti ẹnu géètì títí a fi dé ọ̀fíìsì wọn ní ìjọba ìbílẹ̀. A tò, oòrùn pa wá, ẹ̀rọ wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ṣó o rí i? Mo sọ fún ẹ." Ẹ̀rọ náà tún jí. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní òun ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ òun, pé wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀. Mo ní kò burú, kó dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí káàdì bá ti jáde, a jọ máa lọ gbà á ni, owó ọkọ̀ tèmi àti tiẹ̀, òun ló máa san án.